Férémù Tó Ń Dúró De Ìwé Òkè

Ọ̀rọ̀ tó máa ń ti ẹnu Bàbá Rọra jáde jù lọ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí oníbàárà bá fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, á ní, "Rọra." Bí ọmọ kékeré bá ń sáré kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Rọra, gíláàsì wà níbí." Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé rẹ̀, bí obìnrin náà ṣe fẹ́ jókòó báyìí, "Rọra" ló kọ́kọ́ sọ fún un. Bàbá Rọra ní irọ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ ní òótọ́ ni. Ní tèmi, ìyàwó ni mo gbà gbọ́.

Iṣẹ́ férémù ló ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gbà ju kí èèyàn méjì dúró kí ẹnì kẹta sì fi ẹ̀gbẹ́ kọjá. Pákó gígùn-gígùn wà lókè, gíláàsì tí wọ́n fi páálí là láàárín fẹ̀yìn ti ògiri, tábìlì ńlá kan sì wà tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ lójú títí tí a kò fi mọ irú igi tó jẹ́ mọ́. Orí tábìlì yẹn ló ti ń fi ayùn gé igun pákó lọ́nà tí méjì yóò fi pàdé láìsí àyè láàárín wọn. Àwòrán ìgbéyàwó, àwòrán ọmọ tuntun, àwòrán ẹni tó ti kú, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ni sátífíkéètì, nítorí ìlú tí yunifásítì méjì bá wà, ẹni tó ń ṣe férémù níbẹ̀ kì í ráyè sùn lọ́sàn-án.

Yunifásítì méjèèjì ní orúkọ gígùn tí ìjọba fún wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é. Ọ̀kan wà lórí òkè, Òkè náà ni wọ́n ń pè é. Èkejì wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò, wọ́n ń pè é ní Ìsàlẹ̀. Òkè ti pẹ́ láyé, òkúta ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, géètì rẹ̀ ga, àwọn tí wọ́n ń dá padà níbẹ̀ sì pọ̀ gan-an ju àwọn tí wọ́n ń gbà wọlé lọ. Ìsàlẹ̀ ò tíì pẹ́, búlọ́ọ̀kù lásán ni, òjò kékeré sì ti tó láti sọ àgbàlá rẹ̀ di ẹrẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní Òkè lòun ti jáde, àwọn èèyàn á ní, "Háà!" Bó bá ní Ìsàlẹ̀ ni, wọ́n á ní, "Ó dáa náà," wọ́n á sì béèrè bóyá ara ìyá rẹ̀ le.

Àṣà kan wà lọ́wọ́ Bàbá Rọra tí òun fúnra rẹ̀ kò kà sí àṣà. Bí wọ́n bá gbé sátífíkéètì Òkè wọlé, kò ní fọwọ́ kàn án. Á ní kí ẹni tó ni ín ṣì dì í mú ná. Á bọ́ sí ẹ̀yìn, á bu omi sínú abọ́, á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá, á nù ún pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì funfun kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nu nǹkan mìíràn. Á tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí tábìlì. Ìgbà yẹn ló tó máa na ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni tó fẹ́ gba ìkókó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwé ibòmíràn, á fọwọ́ nu ara ṣòkòtò, á gbà á, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé ó kórìíra ẹnikẹ́ni.

Ìfọ́tí ló kọ́ ọ. Nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ó fi àtàǹpàkò tí gọ́ọ̀mù wà lára rẹ̀ tẹ ìwé adájọ́ kan. Ọ̀gá rẹ̀ gbá a létí débi pé ó rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ọ̀gá ní, "Ìwé Òkè lo fọwọ́ ẹlẹ́gbin kàn! Ìwé Òkè!" Bẹ́ẹ̀, láìpẹ́ sígbà yẹn, ó ti ba ìwé olùkọ́ kan tó jáde níbòmíràn jẹ́, ohun tí ọ̀gá sọ kò ju pé kó fi etí páálí bò ó. Ọmọ iṣẹ́ kì í béèrè ìdí, ó kàn máa ń rántí ibi tó ti dùn ún. Ọ̀gá ti kú tipẹ́, etí ò dùn mọ́, ọwọ́ ló ṣì ń lọ síbi omi fúnra rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un, lẹ́yìn tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba kámú. Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pe ọmọ náà, nítorí láti kékeré ló ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti sin ọkọ méjì. Abẹ́ tábìlì ṣọ́ọ̀bù ni ibùjókòó rẹ̀ bó bá ti dé láti ilé ìwé. Níbẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé, lára sátífíkéètì olówó àti tálákà. Níbẹ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí ìgò wo èèrà. Nígbà tó yá, ó ń gba awò ojú tó ti kán lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, ó ń tún un so, ó ń sọ fún wọn pé èyí ò bá ojú wọn mu mọ́. Ó sọ fún baba rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ẹ ti ń fa ìwé sún mọ́ imú jù. Ojú yín ń bẹ̀ yín o." Ìyá arúgbó kan ládùúgbò máa ń ní, "Ọmọ yìí á la ojú mi kí n tó kú."

Lọ́jọ́ tó fi ipò kìíní jáde ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, inú Bàbá Rọra dùn kọjá ààlà. Ó mú pákó tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù, ó gé e, ó fi sáńpépà ra á, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kùn ún, ó sì kan férémù náà mọ́ ògiri pálọ̀, òkè tẹlifíṣọ̀n gan-an. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àlejò á wọlé, á ní, "Bàbá, àwòrán yín ti já bọ́ o." Á dá a lóhùn pé, "Kò já bọ́. Ó ń bọ̀ láti Òkè." Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà á bá wọn rín in. Bó ṣe ń dàgbà ni ẹ̀rín rẹ̀ ń dín kù. Baba ò ṣàkíyèsí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ìyá Àgbà fi orúkọ sílẹ̀ ní Òkè, ìmọ̀ òfin ló ní òun fẹ́ kọ́. Wọn ò mú un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìtàn ló ní. Wọn ò mú un. Nígbà tó tún ń múra àtilọ lẹ́ẹ̀kẹta, baba rẹ̀ bi í pé, "Ìyá Àgbà, kí lo fẹ́ kọ́ gan-an?"

Ó ní, "Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣáà ti fún mi níbẹ̀, Bàbá."

Ìdáhùn yẹn ba Bàbá Rọra lẹ́rù. Ṣé ọmọ tó fẹ́ràn ojú èèyàn bí nǹkan míì ni kò mọ ohun tó fẹ́ kọ́ yìí?

Olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ kan ló rọ̀ ọ́ kó fi orúkọ sí Ìsàlẹ̀ náà. Ìsàlẹ̀ mú un kíá. Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ni wọ́n fi í sí, ẹ̀ka tó jẹ́ pé àwọn ọ̀gá Òkè pàápàá máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀ bí ojú wọn bá ń ṣe bàìbàì, torí Òkè ò ní irú rẹ̀. Wọ́n ní kó fúnra rẹ̀ wá fọwọ́ sí ìwé ìgbàwọlé kí ọ́fíìsì tó tì lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí kò bá wá, wọ́n á fún ẹlòmíràn, àwọn tó ń dúró pọ̀. Ìyá Àgbà gbọ́, ó dúpẹ́, ó ní òun á tún dúró de Òkè.

"Bàbáa wọn," ni ìyàwó sọ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, "ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ o."

"Ṣé èmi ni mo ní kó má lọ sí Ìsàlẹ̀ ni?"

Obìnrin náà dá ẹ̀rọ dúró. Ó kàn gbé ojú sókè síbi férémù, ó wò ó dáadáa, ó sì tún tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Àfọwọ́fà ọkọ rẹ̀ ni, obìnrin náà kàn ní sùúrù ju kó sọ ọ́ jáde lọ.

Bàbá Rọra pe ọmọ jókòó.

"Ìyá Àgbà, ilé ìwé ni gbogbo wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìwé tí wọ́n ń kà lókè náà ni wọ́n ń kà nísàlẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ojú lo fẹ́ràn láti kékeré. Òkè ò kọ́ni ní ti ojú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ló wá dé? Kí ló wà ní Òkè?"

Ọmọ náà gbé orí sókè, ó wò ó pẹ̀lú ìyanu, àfi bíi pé baba ń fi òun ṣeré. Ó ní, "Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀, Bàbá."

Bàbá Rọra ronú títí, kò mọ ohun tó mọ̀.

Ó wá ìrànlọ́wọ́ lọ. Lọ́yà kan wà tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀, ọmọ Òkè pọ́ńbélé, obìnrin tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ kó wá bá òun gba ọmọ níyànjú. Lọ́yà wá lóòótọ́, ó jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù, ó rọra ká aṣọ rẹ̀ kúrò nínú eruku pákó, ó sì sọ òótọ́ fún Ìyá Àgbà.

"Àbúrò, jẹ́ kí n sọ fún ẹ. Èmi lọ sí Òkè torí pé bàbá mi gbìyànjú ẹ̀, wọn ò mú wọn. Ọ̀rẹ́ mi lọ torí pé wọ́n mú bàbá tiẹ̀. Ọ̀kan nínú wa wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọmọkùnrin kan ló tẹ̀ lé débẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ni. Kọ́ọ̀tù ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ohun tí Òkè fún mi ni pé mo lè dárúkọ ẹ̀, kí wọ́n fún mi ní àga."

"Àga náà dáa, Àǹtí," ni Ìyá Àgbà wí.

"Ó dáa, àmọ́ àga kọ́ ni iṣẹ́."

Bàbá Rọra ń mi orí sókè sódò, inú rẹ̀ ti ń dùn.

"Àkọ́bí yín ńkọ́, Àǹtí? Wọ́n ní ó máa wọ yunifásítì lọ́dún yìí. Níbo ló ń lọ?"

Lọ́yà wúkọ́. Ó wo Bàbá Rọra, ó wo àjà. "Òkè ni," ó ní, "ṣùgbọ́n tiẹ̀ yàtọ̀." Kò pẹ́ tó fi rántí pé òun ní ẹjọ́ kan tí òun fẹ́ lọ yẹ̀ wò.

Ó wá di pé Bàbá Rọra ń bínú sí férémù. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ó wẹ̀yìn, ó sì rí igi tó kùn ní wúrà. Ó ní igi yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ Alámísì, ó gun àga, ó yọ ìṣó, ó sọ férémù kalẹ̀, ó gbé e pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó yíjú padà, ẹ̀rù sì bà á. Gbogbo ògiri pálọ̀ ti ṣá láti ọdún pípẹ́, ibi tí férémù bò nìkan ló ṣì ń dán. Onígun mẹ́rin mímọ́ roro kan ló ń wo gbogbo ilé. Ó sàn kí férémù wà níbẹ̀.

Ó wá kàlẹ́ńdà kan, ó tún gun àga, ó fẹ́ fi bò ó. Kàlẹ́ńdà kéré. Bó bá bo òkè, ìsàlẹ̀ á yọ. Bó bá fà á sí ọ̀tún, òsì á yọ. Orí àga yẹn ló wà, ó ń làágùn, ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀, nígbà tí àga mì, tí ọwọ́ kan sì di àga mú láti ìsàlẹ̀.

"Rọra, Bàbá," ni Ìyá Àgbà wí.

Bàbá Rọra wo ilẹ̀, ó rí ojú ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rín pa ọmọ, ẹ̀rín pa baba, ìṣó jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó yọjú láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó fà á. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nílé yẹn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ọmọ gba kàlẹ́ńdà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Kò bo ibẹ̀," ó sì nu òógùn ojú baba rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Mo rò pé àánú baba rẹ̀ ṣe é gidigidi lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó wọlé sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ búláòsì funfun tí ìyá rẹ̀ lọ̀ fún un, ó wọ bàtà tó ń pamọ́, ó gbé báàgì kọ́ èjìká.

"Bàbá, mò ń lọ sí Ìsàlẹ̀."

Hámà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Rọra sórí gíláàsì. "O ní kí ni?"

"Mo ní mò ń lọ fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kí n má baà padà lójú ọ̀nà."

Bàbá Rọra gbé hámà sílẹ̀. Omi lé sí i lójú. Ó ní, "Jókòó, jókòó, ìyá mi. Igun kan ṣoṣo ló kù, mo ti fi gọ́ọ̀mù sí i, bí mo bá fi sílẹ̀ ó máa bàjẹ́. A ṣì ní àkókò dáadáa." Ọmọ jókòó lórí àpótí, ó gbé báàgì sórí ẹsẹ̀. Baba ń tẹ igun pákó pọ̀, ó ń súfèé, ohun tí kì í ṣe.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọmọbìnrin kan fi wọlé. Kò lè fi bẹ́ẹ̀ dàgbà ju Ìyá Àgbà lọ. Ó mú ìwé kan tó ká lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń fi ìwé sí férémù. Sátífíkéètì mi ni. Ìsàlẹ̀ ni mo ti jáde, ẹ̀ka ojú."

"Ìsàlẹ̀!" ni Bàbá Rọra pariwo. "Ẹ̀ka ojú! Ìyá Àgbà, ṣé o gbọ́? Ọlọ́run ló rán an wá!" Ó na ọwọ́ kọjá tábìlì, ó gba ìwé náà, ó tú u sórí eruku pákó. Ìwé fẹ́ padà ká, ó gbé hámà lé etí ìwé kan, ó gbé tépù lé etí kejì. "Ìwé tó dára rè é! Ibẹ̀ ni èmi àti ọmọ mi ń lọ báyìí. Àwọn tó ń tọ́jú ojú gbogbo ìlú! Ta ló ní Ìsàlẹ̀ kéré? Ẹ bá mi sọ fún un, kó gbọ́ lẹ́nu yín." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

Ìyá Àgbà ò wo ojú rẹ̀. Hámà ló ń wò.

"Bàbá," ó ní, "ẹ ò fọ ọwọ́."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Bàbá Rọra. Ó wo ìwé. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti tẹ gọ́ọ̀mù sí igun rẹ̀, ojú ibẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ má bínú," ó ní, "ẹ má bínú, ọmọ mi, inú mi ló dùn jù," ó sì sáré bọ́ sí ẹ̀yìn lọ bu omi.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ni oníbàárà náà pè é. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, kò sí ìbínú kankan níbẹ̀. "Ṣebí kì í ṣe ìwé Òkè."

Bàbá Rọra gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn. Ó ti tẹ ọwọ́ bọ omi. Kò mọ nǹkan míì tó lè ṣe, ó fi ọṣẹ sí i, ó fọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ló gbọ́ tí báàgì balẹ̀.

Nígbà tó jáde pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì, oníbàárà ti lọ, ó ní òun á padà wá gbé e. Ìyá Àgbà ti bọ́ bàtà.

"Ìyá Àgbà, dìde, jẹ́ ká lọ. Ọ́fíìsì ò tíì tì."

"Bàbá, nígbà tí mo máa ń jókòó lábẹ́ tábìlì yìí, ẹsẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí. Mi ò mọ ẹni tó wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ yín bá ti yí sí ẹ̀yìn, tí mo gbọ́ omi nínú abọ́, màá ti mọ̀ pé èèyàn pàtàkì ló dé." Ohùn rẹ̀ tutù. "Ó wù mí kí ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gba tèmi."

Bàbá Rọra la ẹnu. Ó fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀wọ̀, pé ẹ̀rù ni, pé ọ̀gá kan ló gbá ọmọ iṣẹ́ kan létí. "Ìfọ́tí ni," ó ní. "Ọ̀gá mi ló fọ́ mi létí." Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ̀wọ̀n, òun fúnra rẹ̀ gbọ́ bẹ́ẹ̀. "Ìyá mi, màá fọ ọwọ́. Tìẹ, màá fọ ọwọ́ kí n tó gbà á. Mo búra."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ máa fọ̀ ọ́ torí pé mo ní kí ẹ fọ̀ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mi ò bínú sí yín."

Ì bá sàn kó bínú. Apá Bàbá Rọra ìbá ká ìbínú. Ó bẹ̀ ẹ́, ó dárúkọ ìyá rẹ̀, ó dárúkọ ojú ìyá arúgbó àdúgbò. Ó ní òun á lọ bá a fọwọ́ sí i, ọmọ sì rán an létí pé wọ́n ní kí ẹni tó ni ín wá fúnra rẹ̀. Oòrùn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ sí ara gíláàsì, ó kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìsàlẹ̀ kọjá, òmíràn kọjá. Ìyá Àgbà dìde, ó gbé hámà àti tépù kúrò lórí ìwé ọmọ ọlọ́mọ, ó fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, ó sì ká a sínú páálí mímọ́.

Bàbá Rọra ṣì dúró síbi tó wà, táwẹ́ẹ̀lì funfun lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní títí dé ìgúnpá, kò sì rí nǹkan kan tó lè fi í ṣe.